Asẹ́ Tí Kò Ní Inú Mọ́

Òkúta ló dá ìjà ọjọ́ náà sílẹ̀. Kì í ṣe òkúta odò, kì í sì í ṣe òkúta ojú ọ̀nà. Ó rí róbótó, ó tóbi tó orí àgbàlagbà, ó kún fún ihò wẹ́wẹ́wẹ́ bí afárá oyin, gbogbo ihò náà sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Abẹ́ báṣíà ìfọṣọ ló wà, nínú yàrá ìkẹ́rù tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Nọ́ọ̀sì, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọ̀gá Oníná bí, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé láti ọsibítù. Ó fẹ́ wẹ̀ kó tó sùn. Ó gbé báṣíà, ó sì rí ohun tí báṣíà jókòó lé.

"Màámi, kí lèyí?"

"Kí ni kí ni?" Ìyá rẹ̀ ò gbójú kúrò lórí ẹ̀wà tó ń rò lórí iná. "Ẹrù bàbá ẹ ni. Fi í síbẹ̀."

"Ìgbà wo ló ti wà níbí?"

"Ṣé èmi ni mò ń ṣọ́ ẹrù bàbá ẹ ni?"

Ọ̀gá Oníná wà ní pálọ̀, ó ń so okùn bàtà iṣẹ́ rẹ̀, tíì àti búrẹ́dì wà níwájú rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ló gbọ́. Búrẹ́dì tó wà lẹ́nu rẹ̀ dúró, kò lọ síwájú, kò padà sẹ́yìn. Ó ní kóun yára dìde kóun jáde, ṣùgbọ́n okùn bàtà ọ̀tún ò tíì so tán nígbà tí ọmọ rẹ̀ wọlé, tó gbé òkúta náà dání, tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dúdú dé ọrùn ọwọ́.

Ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Bàámi." Ó gbé e ka orí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíì. "Inú jẹnẹrétọ̀ wo lẹ ti yọ èyí?"

"Gbé ìdọ̀tí yẹn kúrò níwájú oúnjẹ mi."

"Ṣé ti ọsibítù wa ni?"

Jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta ni Ọ̀gá Oníná ní, dísẹ́ẹ̀lì ni gbogbo wọn ń mu, àwọn tí iná bá ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ló sì ń yá wọn lò. Tíránsífọ́mà àdúgbò ti jóná láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún, èyí tó tóbi jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń bẹ nínú ọgbà ọsibítù kékeré tó wà ní ìsàlẹ̀ títì, níbi tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Òfin èéfín ti jáde lọ́dún tó kọjá. Ó ní jẹnẹrétọ̀ tó bá máa jókòó síbi tí èèyàn ń sùn, tàbí ibi tí wọ́n ti ń kàwé, tàbí ibi tí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú, ó gbọ́dọ̀ ní asẹ́ lẹ́nu sàlẹ́ńsà rẹ̀, asẹ́ tó ń gba èédú inú èéfín dúró kó tó dé imú ọmọ èèyàn. Ọ̀gá Oníná ra asẹ́. Ó fi í sí i. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n lẹ bébà aláwọ̀ ewé mọ́ ọn lára. Àfi ìgbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, asẹ́ dí, jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ọ̀nà láti fọ̀ ọ́ wà, ṣùgbọ́n ó gba kéèyàn dúró ti ẹ̀rọ náà fún odidi ọ̀sán kan, kò sì sẹ́ni tó máa sanwó ọ̀sán yẹn. Ó ṣí irin asẹ́ náà, ó fa òkúta inú rẹ̀ yọ, ó jó irin náà padà, ó kùn ún lọ́dà. Téèyàn bá wò ó láti ìta, asẹ́ ni. Téèyàn bá wo inú rẹ̀, afẹ́fẹ́ lásán ni.

"Mo bi ìwọ náà," ni Ọ̀gá Oníná wí, "ṣé èmi ni mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń fún èèyàn labẹ́rẹ́? Kí ló wá kàn ẹ́ pẹ̀lú bí mo ṣe ń to irin mi?"

"Fèrèsé yàrá àwọn ọmọ tuntun ló dojú kọ sàlẹ́ńsà yín, Bàámi. Tá a bá tì í, ooru á bò wọ́n. Tá a bá ṣí i, èéfín á wọlé. Mo sọ ọ́ fún yín lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ẹ ní eruku títì ni."

"Tí mo bá lọ pa á báyìí, kí lẹ máa fi tọ́jú wọn? Àbẹ́là?"

"Jẹ́jẹ́ ní àpótí bátìrì tí..."

"Má dárúkọ ọmọ yẹn nínú ilé mi!"

Jẹ́jẹ́ ti fi ọdún mẹ́jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tó kó ìwé wá, tó ní ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká jọ ra bátìrì ńlá, ká gbé e sórí kẹ̀kẹ́, kí sólà máa gba oòrùn sínú rẹ̀, ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní iná tí kò bá hó, ta ni yóò mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Jẹ́jẹ́ ká ìwé rẹ̀. Kò tún mú ọ̀rọ̀ náà wá mọ́. Nígbà tó gba òmìnira tán, ó lọ dá dúró, ẹ̀rín yẹn sì ni ohun ìkẹyìn tí àwọn méjèèjì jọ pín.

Ìyá Nọ́ọ̀sì ti dé ẹnu ọ̀nà, ó mú ṣíbí dání. "Ẹ jẹ́ kọ́mọ jẹun kó sùn. Ìwọ náà, fi ara balẹ̀. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni."

Ọmọ náà yíjú sí ìyá rẹ̀. "Màámi," ó ní, "ẹ̀yin náà mọ̀."

Ìyá rẹ̀ padà sídìí ìkòkò. Ẹ̀wà ò jóná, síbẹ̀ ó ń rò ó kíkankíkan bí ohun tó fẹ́ jóná. Nọ́ọ̀sì fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ọṣẹ ò mú dúdú inú èékánná kúrò. Kò jẹun, kò sùn. Ó wọ bàtà rẹ̀ padà, ó jáde.

"Ebi á dá a padà," ni bàbá rẹ̀ wí. Ó gbé tíì mu. Tíì ti tutù.

*

Ìgbà tí oòrùn ti mókè dáadáa ni Ọ̀gá Oníná mú gálọ́ọ̀nù epo, ó gba ọsibítù lọ láti lọ yí ọ́ìlì padà. Láti ìkángun títì lo ti máa gbọ́ ẹ̀rọ rẹ̀, tó ń ké bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Ariwo yẹn máa ń dùn mọ́ ọn. Ó máa ń yan fanda tó bá ti ń gbọ́ ọ, bí ẹni tí wọ́n ń kí. Lọ́jọ́ yìí, nígbà tó yọ sí ọgbà, ó bá obìnrin kan tó wọ bàtà rọ́bà, tó gbé báàgì kọ́ apá, àti ọkùnrin kan tó mú ọ̀dà pupa dání. Dókítà tó ni ọsibítù dúró tì wọ́n, apá rẹ̀ wà láyà. Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ojú rẹ̀ pọ́n nítorí àìsùn.

Bàbá wo ọmọ, ọmọ ò gbé ojú sá. Ó ti yé bàbá ẹni tó pe àwọn àlejò náà.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni obìnrin náà, olùyẹ̀wò èéfín tí ìjọba rán, wí, ó tẹ eékún díẹ̀. Ọmọlúàbí ni, ìyẹn gan-an ló sì ba ọ̀rọ̀ jẹ́, torí ọ̀nà ìjà ò sí. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin lẹ ni ín, àbí? Ẹ bá wa jẹ́ kó gbé iná tó pọ̀ díẹ̀."

Ó ki ọ̀pá irin tín-ín-rín kan bọ ẹnu sàlẹ́ńsà, ó ń wo nǹkan kékeré bíi fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ ohun tó rí. Ó fa bébà funfun kan yọ, ó nà án síbi tí èéfín ti ń jáde, ó ka oókan títí dé ẹẹ́wàá, ó sì nà án sí Dókítà. Kò sí funfun kankan lára bébà mọ́. Lẹ́yìn náà ló mú sípánà, ó fi kan irin asẹ́ ní pẹ̀lẹ́: ó dún gbangan, gbangan, bí garawa tí omi ti tán nínú rẹ̀.

"Ìlọ́po mẹ́sàn-án ohun tí òfin gbà ni," ó ní. "Sà, ta ló yọ inú rẹ̀?"

Àwọn aboyún tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì yíjú sí Ọ̀gá Oníná. Ẹ̀rọ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

"Bó ṣe wà nìyẹn nígbà tí mo rà á," ni Ọ̀gá Oníná wí.

Irọ́ náà jáde wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ó ti ń dúró lẹ́yìn eyín rẹ̀ tipẹ́. Nọ́ọ̀sì wo ilẹ̀. Òun ni ìtìjú bá, kì í ṣe ẹni tó purọ́. Olùyẹ̀wò kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ, láìfi ohunkóhun kún un. Ó ha bébà aláwọ̀ ewé kúrò lára jẹnẹrétọ̀, ó ní kí ọkùnrin tó mú ọ̀dà dání fa ìlà pupa sí i.

"Ẹ ò lè pa á!" Dókítà ti ń pariwo. "Ọmọ méjì tí oṣù wọn ò pé wà nínú àpótí ìmóoru. Ọ̀kan ò lè mí láìsí ẹ̀rọ!"

"Òfin ò ní ká pa iná lé ọmọ lórí," ni olùyẹ̀wò wí. "Wákàtí mẹ́ta. Ẹ wá èyí tó mọ́. Tó bá di aago kan ọ̀sán, màá pa á."

Ọ̀gá Oníná fa fóònù yọ. Ó pe oníná àkọ́kọ́, ó pe ìkejì, ó pe ìkẹta. Gbogbo wọn ló kí i dáadáa, gbogbo wọn ló ní jẹnẹrétọ̀. Tó bá ti kan ọ̀rọ̀ asẹ́, ohùn wọn á sì yí padà. Ẹnìkẹta tiẹ̀ bú sẹ́rìn-ín: "Asẹ́ wo, ọ̀gá mi? Ṣé èyí tí gbogbo wa jọ yọ inú ẹ̀ yẹn?" Ẹ̀rín náà tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí Dókítà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ.

Dókítà ò pariwo mọ́. Ó rọra sọ̀rọ̀. "Ọmọ iṣẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ ní èyí tí wọ́n ń wá. Ìwọ lo ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ìwọ ni kó o lọ bá ọmọ náà."

*

Alùpùpù ló gùn lọ. Ní gbogbo ọ̀nà, ó ń to ọ̀rọ̀ lọ́kàn: bó bá sọ báyìí, màá dá a lóhùn báyìí, bó bá rẹ́rìn-ín, màá yí padà. Nígbà tó débẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ ṣe é ní kàyéfì ni pé ọgbà náà dákẹ́. Ẹyẹ ń ké níbi iṣẹ́ oníná! Páànù sólà tò lórí òrùlé bí abọ́ tí wọ́n sá sóòrùn, àpótí ńlá funfun kan sì jókòó sórí kẹ̀kẹ́ onítáyà mẹ́rin lábẹ́ ibòji.

Jẹ́jẹ́ ń de okùn iná kan. Ó rí i, ó fi okùn sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyẹ̀pẹ̀, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tó mọ́ lára rẹ̀. "Ọ̀gá mi, ẹ kú àárọ̀. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Dìde, dìde." Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọsibítù... Wọ́n fẹ́ pa tèmi. Aago kan."

"Ọmọ mélòó ló wà lórí ẹ̀rọ?"

"Méjì."

Jẹ́jẹ́ ò bèèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ pa á. Ó wo àpótí funfun, ó fa fóònù yọ, ó pe oníṣòwò kan tó ti yá a fún ṣíṣí gbọ̀ngàn rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Láti ibi tí Ọ̀gá Oníná dúró sí, ó ń gbọ́ bí onítọ̀hún ṣe ń sọ̀kò èébú. Jẹ́jẹ́ ń sọ pé "Ẹ má bínú, sà. Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ ṣe sùúrù, sà," títí onítọ̀hún fi já fóònù. Ó nu ojú rẹ̀, ó so àpótí mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀.

Wọ́n ti dé ìdajì ọ̀nà kí ọ̀gá tó lanu. "Inú ò bí ẹ sí mi ni?"

"Ó bí mi o, ọ̀gá. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń bí mi." Jẹ́jẹ́ yí ọwọ́ ọkọ̀ láti yẹ kòtò. "Ṣùgbọ́n ẹ ní ọmọ méjì ni." Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ má retí ariwo o. Tèmi kì í hó."

Ọ̀gá Oníná fẹ́ bá a rẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ ò yà.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún kí aago kan lù nígbà tí wọ́n wọ ọgbà. Jẹ́jẹ́ ló ń so okùn. Ọ̀gá rẹ̀ ló ń gbé e fún un, ó ń na sípánà sí i kó tó bèèrè, bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń ṣe. Nígbà tí iná àpótí wọlé, tí gílóòbù inú yàrá ọmọ tuntun ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan tó sì dúró, olùyẹ̀wò mi orí. Ọ̀gá Oníná fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ bọ́ sílẹ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn. Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan nínú ọgbà yẹn àfi ẹ̀rọ. Báyìí, wọ́n ń gbọ́ bàtà ẹni tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ nínú kọ́rídọ̀. Wọ́n ń gbọ́ omi tó ń kán nínú agbada ìfọwọ́. Láti fèrèsé tó dojú kọ sàlẹ́ńsà, ikọ́ kan jáde. Ó kéré, ó gbẹ, kò ju ti ọmọ ológbò lọ. Ó dúró díẹ̀, ó tún wá.

Ó yé Ọ̀gá Oníná pé ikọ́ yẹn kì í ṣe tòní. Ariwo òun ló ti ń bò ó mọ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ti wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò mọ ìgbà tó dé.

"Ìwọ lo pè wọ́n," ó ní.

"Èmi ni, Bàámi."

"Ọmọ tí mo bí."

"Ẹ rántí ọmọ tí ìyàwó káfíńtà bí níbí lóṣù yìí." Ohùn rẹ̀ ò ga. "Ọwọ́ mi ló kú sí. Ó pé ọjọ́ mẹ́sàn-án lónìí."

Bàbá rẹ̀ ti gbọ́ pé ọmọ náà kú. Ó ti lọ kí wọn pàápàá, ó jókòó lórí àga tí káfíńtà fúnra rẹ̀ kàn, ó ní Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò. Ó wo ìka bàtà rẹ̀. "Ṣé èéfín ló pa á?"

"Mi ò mọ̀. Dókítà náà ò mọ̀. Oṣù rẹ̀ ò pé, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ò le. Ó lè jẹ́ pé á lọ bẹ́ẹ̀ náà ni." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, èékánná rẹ̀ ṣì dúdú. "Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo fi òwú nu imú rẹ̀, òwú náà jáde ní dúdú. Àtàárọ̀ tí mo ti rí òkúta yẹn ni mo ti ń rò ó. Àgbà kì í wà lọ́jà..."

Kò parí òwe náà. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í pa òwe tán níwájú bàbá rẹ̀. Ó padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀.

*

Kí Ọ̀gá Oníná tó délé, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ délé. Nídìí omi ẹ̀rọ, àwọn aládùúgbò to garawa, wọ́n to ẹnu.

"Ọmọ tó fi bàbá ẹ̀ sun ìjọba! Ayé ti bàjẹ́ tán."

"Ìwọ, dákẹ́. Ta ni aṣọ ẹ̀ máa ń dúdú lórí okùn láàárín wa? Ṣé kì í ṣe ìwọ lo ń ké lọ́jọ́sí?"

"Mo ké, àmọ́ mi ò fi í sun ìjọba."

"Ìdí tí èéfín fi dúró tì wá nìyẹn. Èéfín nìwà. Bó o bá fi agbọ̀n bò ó, á rú jáde."

Wọ́n rí i, wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn kí i lẹ́ẹ̀kan náà, "Ẹ kú ìdààmú o," tí ìkíni náà sì dùn jù. Bó ṣe kọjá, ó ń gbọ́ omi tó ń dà sínú garawa, kò gbọ́ ẹnu ẹnikẹ́ni. Ìyẹn gún un ju èébú lọ.

Ìyá Nọ́ọ̀sì ti gbé ìrẹsì àti ẹja sílẹ̀ fún un. Ó ti nu tábìlì, ó ti di òkúta dúdú náà sínú ọ̀rá, ṣùgbọ́n kò tíì rí ibi tó máa gbé e sí. Kò ṣeé dà sórí ààtàn, kò ṣeé sin, kò ṣeé dá padà sábẹ́ báṣíà. Ó gbé e lé itan bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ.

"Ẹ jẹun," ó ní.

Ó bu ṣíbí kan, ó fi sílẹ̀. "O ò bi mí ní ohun tó ṣẹlẹ̀."

"Kí ni mo fẹ́ bi yín? Ọjọ́ tí ẹ gbé e wọlé ni mo ti mọ̀. Mo rí ibi tí iná irin jíjó ta sí lára aṣọ yín, mo rí ọ̀dà. Mo fi báṣíà lé e kí ojú mi má baà máa rí i." Ó yí ọ̀rá náà. "Mo ní ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yín. Mo ní owó epo ti pọ̀ jù. Mo ní oríṣiríṣi. Ọmọ wa nìkan ni kò wá àwíjàre kankan."

"O lè sọ fún mi nígbà náà."

"Mo lè sọ."

Gbogbo ọlọ́gbọ́n ayé pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ rú. Tọkọtaya náà jókòó, ìrẹsì tutù láàárín wọn, kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì jà. Ì bá sàn kí wọ́n jà.

Nọ́ọ̀sì dé nígbà tí oòrùn ti rọlẹ̀. Ó gba abọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó sì ń jẹun lórí ìdúró, bí ẹni tí kò dá a lójú pé ilé rẹ̀ ni. Bó ṣe ń jẹun lọ́wọ́ ni wọ́n gbọ́ "Ẹ kú ilé o" lẹ́nu ọ̀nà.

Káfíńtà ni, àti ìyàwó rẹ̀.

Ọkùnrin náà ti ṣí fìlà, ó mú un dání. Ìyàwó rẹ̀ di ọ̀já mọ́ àyà, ó le, bí wọ́n ṣe ń dì í fún ẹni tí omi ọmú rẹ̀ ò tíì gbẹ. Wọ́n jókòó. Wọ́n kọ omi, wọ́n kọ oúnjẹ.

"A ò ní pẹ́, bàbá," ni káfíńtà wí. "A gbọ́ ohun tí wọ́n fi iṣẹ́ yín ṣe lónìí, la ní kò dáa ká má wá. Ẹ̀yin náà ò fi wá sílẹ̀ lọ́jọ́ tiwa."

"Ẹ ṣeun," ni Ìyá Nọ́ọ̀sì wí.

Ìyàwó káfíńtà gbé ojú sókè. Ọmọdé ni, kò tíì ju ẹni ọdún méjìlélógún lọ. "Lọ́jọ́ tí mo rọbí, bàbá, gbogbo àdúgbò ló ṣókùnkùn. Iná yín ni wọ́n fi gbẹ̀bí mi. Iná yín ni mo fi rí ojú rẹ̀." Ó dúró kí ohùn rẹ̀ padà wálé. "Ẹ má jẹ́ kí ohun tí wọ́n ṣe dùn yín. Ọlọ́run rí oore yín."

Nọ́ọ̀sì gbé abọ́ sílẹ̀. Ó wọ yàrá, ó sì pa ilẹ̀kùn dé jẹ́jẹ́.

Wọ́n dìde. Ọ̀gá Oníná dìde tẹ̀lé wọn láti sìn wọ́n, bó ṣe tọ́. Wọ́n kọjá ìdí omi ẹ̀rọ, wọ́n kọjá ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ó yẹ kó ti kí wọn pé ó dàbọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ò dúró. Wọ́n dé ibi tí títì ti yà, ó ṣì ń tẹ̀ lé wọn. Káfíńtà wẹ̀yìn wò ó.

"Bàbá?"

"Wọn ò fi nǹkan kan ṣe mí," ni Ọ̀gá Oníná wí. "Ohun tí mo ṣe ni." Ó sọ ọ́ fún wọn. Kò yí i po. Ó ní asẹ́ kan wà tó ń gba dúdú inú èéfín dúró, òun sì yọ inú rẹ̀, òun jó irin rẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ó ní lábẹ́ fèrèsé àwọn ọmọ tuntun ni. Ó ní wọ́n bi òun lónìí, òun sì purọ́. Ó ní Dókítà sọ pé kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá òun ló fà á, bóyá òun kọ́. Ó fẹ́ sọ pé kí wọ́n má bínú. Ọ̀rọ̀ náà kéré ju ohun tó fẹ́ fi ṣe, ó fi í sílẹ̀.

Fìlà káfíńtà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ mú un.

Ìyàwó rẹ̀ ló sọ̀rọ̀. "Ọjọ́ wo lẹ yọ ọ́, bàbá?"

"Ọjọ́ kejì oṣù yìí."

Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó ń ka ọjọ́ láti ìgbà yẹn títí dé ọjọ́ tó bímọ. Ó ká àtàǹpàkò, ó ká ìka tó tẹ̀ lé e, ó ká ti àárín, ẹnu rẹ̀ ń mì láìsí ohùn. Ó dé ìka kẹrin, ó dúró. Ó wo ìka mẹ́rin tó ti ká náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló tú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi ọwọ́ náà di ọ̀já àyà rẹ̀ mú.

Kò ṣépè, kò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú fìlà ọkọ rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀ kúrò, ó fún un.

Ọ̀gá Oníná gbé ẹsẹ̀ kan síwájú.

"Ó tó, bàbá," ni káfíńtà wí. Ohùn rẹ̀ ò le, kò sì rọ̀. "Ẹ padà. Ẹ má sìn wá mọ́."